Ìrìn-àjò mi sí Ávila: kí ni àwọn Sístà tí kì í jáde ń ṣe níbẹ̀?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Madrid

Àwọn Sístà tí àwa Yorùbá mọ̀ jù ni àwọn tó ń kọ́ ọmọ wa tí wọ́n sì ń tọ́jú aláìsàn wa: àwọn Sístà OLA (Our Lady of Apostles) l'Ékòó àti l'Ábẹ́òkúta láti ayé àwọn bàbá ńlá wa, àwọn Sístà St. Louis tó tọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin Oǹdó àti Àkúrẹ́ dàgbà. Bí o bá wá sọ fún ènìyàn wa pé Sístà mìíràn wà tí kì í kọ́ni, tí kì í gún ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́, tí kì í jáde sí ìgboro, tó jẹ́ pé ilé tó wọ̀ ní ọmọ ogún ọdún náà ni wọn yóò sin ín sí, ohun tí yóò bi ọ́ ni pé, "Kí ló wá ń ṣe níbẹ̀?" Ẹgbẹ́ àwa ìyá ní páríìṣì wa ní Lọ́ńdọ̀nù ti jiyàn lórí rẹ̀ títí, kò yanjú. Mo ní mo máa lọ sí Ávila ní Spéìn, ìlú Teresa Mímọ́, Sístà tó dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láyé àtijọ́, kí n fojú ara mi rí i.

Madrid ni ọkọ̀ òfurufú gbé mi sí. Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo lọ wo Descalzas Reales, ilé àwọn Sístà Clare Mímọ́ tó wà láàárín ìgboro gan-an, níbi tí àwọn tó ń rajà ti ń kọlu ara wọn lójú pópó. Juana, ọmọbìnrin Ọba Charles Karùn-ún, ló dá a sílẹ̀ ní 1559, nínú ààfin tí wọ́n bí òun fúnra rẹ̀ sí. Àwọn Sístà ṣì ń gbé ibẹ̀ títí di òní. Apá kan rẹ̀ ti ṣí fún àlejò láti 1960, afinimọ̀nà ló sì ń mú èrò yí ká. Àtẹ̀gùn rẹ̀ kún fún àwòrán láti òkè délẹ̀. Yàrá ńlá kan wà tí wọ́n ta aṣọ híhun sí ara ògiri rẹ̀, Rubens ló sì ya àwòrán tí wọ́n hun sí i. Ọrọ̀ ibẹ̀ pọ̀ débi pé mo ń bi ara mi léèrè pé níbo ni òṣì tí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀ wà.

Ìtàn ilé yìí fi ohun méjì hàn mí tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí a tó lọ síwájú. Èkíní, láyé ìgbà yẹn, kì í ṣe gbogbo ọmọbìnrin tó wọ kọ́ńfẹ́ǹtì ló tinú ara rẹ̀ wọ̀ ọ́. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, bàbá ìyàwó ló ń san owó ìgbéyàwó, owó náà sì wúwo. Owó tí wọ́n ń san fún kọ́ńfẹ́ǹtì kéré sí i. Bàbá tó bí ọmọbìnrin mẹ́rin lè fi méjì fún ọkọ, kí ó sì kó méjì yòókù lọ sọ́dọ̀ àwọn Sístà. Ìwà burúkú ni, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó jẹ́ Kátólíìkì bò ó mọ́lẹ̀. Ìpàdé Àpapọ̀ Ìjọ tó wáyé ní Trent mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1563 tó tún òfin àìjáde pa láṣẹ, ó fi kún un pé ẹni tó bá fi ipá mú obìnrin wọ kọ́ńfẹ́ǹtì ti kúrò nínú ìdàpọ̀ Ìjọ.

Èkejì yàtọ̀ pátápátá. Ọmọ ọba kan wà tó ń jẹ́ Margarita, ìyá rẹ̀ jẹ́ àbúrò Ọba Felipe Kejì. Felipe, ọba tó lágbára jù lọ ní Yúróòpù, fẹ́ fi ọmọ àbúrò rẹ̀ yìí ṣaya. Margarita kọ̀. Ó wọ Descalzas Reales, ó gba orúkọ Margarita ti Àgbélébùú, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1633. Láyé tó jẹ́ pé ọba ló ń sọ ibi tí obìnrin yóò wà, ilẹ̀kùn kọ́ńfẹ́ǹtì ni ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí ọba kò lè ṣí. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ lálẹ́ kí n tó sùn.

Ọjọ́rú, Ávila

Ọkọ̀ ojú irin gun òkè fún nǹkan bí wákàtí kan ààbọ̀. Ávila fi nǹkan bíi mítà 1,130 ga ju òkun lọ, òtútù ibẹ̀ sì ń gé ni létí. Odi ìlú náà, tó gùn tó kìlómítà méjì ààbọ̀ yípo, ṣì dúró digbí. Ó dára wò, ṣùgbọ́n mi ò pẹ́ níbẹ̀. Kọ́ńfẹ́ǹtì La Encarnación, ilé àwọn Sístà Kámẹ́lì, wà lẹ́yìn odi, lápá àríwá, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ibẹ̀.

Ọdún 1535 ni Teresa wọ ilé yìí, lọ́jọ́ kejì oṣù kọkànlá, lẹ́ni ogún ọdún. Bàbá rẹ̀ ti kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí òun bá kú tán, kí ó ṣe bó ṣe fẹ́. Ìdájí ni ọmọ náà yọ́ jáde nílé. Teresa fúnra rẹ̀ kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ìrora òwúrọ̀ yẹn dà bí ẹni pé eegun òun ń yà kúrò lára ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sọ pé ayọ̀ ló gbé òun lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn dá mi dúró nítorí ọmọ àbúrò mi. Ìbàdàn ló wà, ó ti parí yunifásítì, ó sì ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé ilé àwọn Kámẹ́lì ni òun fẹ́ wọ̀. Láti ìgbà náà ni àbúrò mi ti ń pè mí lóru. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀, ó máa gbọ́ tiyín. Bó bá tiẹ̀ fẹ́ ṣe Sístà, ṣé kò lè ṣe èyí tí a óò máa rí ni?" Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn nígbà náà.

Wọ́n fi yàrá tí Teresa gbé hàn wá ní La Encarnación. Mo ti rò pé ihò kóńkó kan ni mo máa rí. Rárá o. Ọmọ ẹni tó rí já jẹ ni, nítorí náà iyàrá òkè àti ìsàlẹ̀ ni wọ́n fún un. Àwọn Sístà tí bàbá wọn kò lówó ń sùn pọ̀ nínú gbọ̀ngàn. Àwọn olówó ń jẹ́ "Doña", orúkọ tí wọ́n fi ń pe obìnrin ọlọ́lá, nínú ilé Ọlọ́run, wọ́n sì ní ìránṣẹ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí 180, oúnjẹ kì í ká gbogbo wọn, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń jẹ́ kí àwọn kan lọ gbé nílé ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ fún oṣù púpọ̀. Àwọn tó ń fún kọ́ńfẹ́ǹtì lówó náà ní ohun tí wọ́n ń gbà padà. Ní ìparí 1561, nígbà tí obìnrin ọlọ́lá kan ní Toledo, Luisa de la Cerda, ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀, ó ní kí wọ́n fi Teresa ránṣẹ́ sí òun láti wá máa tu òun nínú. Ọ̀gá rẹ̀ sì ní kó lọ, ó di dandan kó lọ.

Níbí ni ojú mi ti kọ́kọ́ là sí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ti máa ń rò pé irin tí wọ́n fi sójú fèrèsé wà láti dá Sístà dúró kó má sá lọ. Ohun tí Teresa rí yàtọ̀ sí èyí. Ilé tó ṣí sílẹ̀ gbayawu ni olówó ti lè ránṣẹ́ wá mú ọ bó bá ṣe wù ú, ibẹ̀ ni àlejò ti ń jókòó ní yàrá ìgbàlejò láti àárọ̀ dalẹ́ tí wọ́n ń sọ ìròyìn ìlú, tí àdúrà sì di ohun tí a ń fi àjẹkù àkókò ṣe. Yàrá ìgbàlejò àtijọ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Ọdún púpọ̀ ni Teresa fi jókòó nínú wọn, ó gbádùn ìtàkúrọ̀sọ, òun fúnra rẹ̀ sì sọ pé ó dí òun lọ́wọ́.

Ní 1571 wọ́n tún fi í ṣe ìyá ilé, ìyẹn olórí àwọn Sístà, ní La Encarnación yìí kan náà. Àwọn ará ilé kò fẹ́ ẹ, ariwo sì ta lọ́jọ́ tó dé. Ó gbé ère Ìyá Wa Màríà sórí àga olórí, ó kó kọ́kọ́rọ́ ilé sí i lọ́wọ́, òun alára sì jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó ránṣẹ́ pe Fádà kékeré kan wá láti máa gbọ́ ìjẹ́wọ́ wọn, Johanu ti Àgbélébùú. Ibẹ̀ ni Johanu ti ya Jésù lórí igi sórí bébà pélébé kan, bí ẹni tó ń wo ó láti òkè. Wọ́n ṣì tọ́jú rẹ̀. Ó kéré ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ.

Ọjọ́bọ̀, San José

Gbogbo ohun tí mo bá wá, ibí ni mo ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 1562 ni agogo kékeré kan dún ní ilé kan lẹ́yìn odi, lápá ìlà-oòrùn ìlú, tí àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin sì gba aṣọ Kámẹ́lì. Ilé San José nìyẹn, èyí àkọ́kọ́ nínú gbogbo ilé tí Teresa dá sílẹ̀. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí àwọn ìgbìmọ̀ ìlú fi gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ohun tó bí wọn nínú ni pé ilé náà kò ní ilẹ̀ tàbí owó tí yóò máa mú èrè wọlé: ta ni yóò wá máa bọ́ wọn? Wọ́n ní kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, wọ́n kọ̀. Ẹjọ́ náà pẹ́ nílẹ̀ kó tó rọlẹ̀.

Kíyè sí ohun tí Teresa ṣe. Kò gba owó ọlọ́lá kí ọlọ́lá má baà ránṣẹ́ pe Sístà òun mọ́. Àwọn tí yóò wà nínú ilé kò gbọ́dọ̀ ju 13 lọ (lẹ́yìn náà ó di 21), kí wọ́n lè mọ ara wọn bí ọmọ ìyá. Kò sí "Doña" mọ́. Kò sẹ́ni tí a bi pé ọmọ ta ni ọ́. Ìyá ilé ni orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń jáde nínú àwọn tí yóò gbálẹ̀. Ẹ rántí pé bàbá bàbá Teresa jẹ́ Júù tó di Kristẹni ní Toledo, tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣèwádìí ìgbàgbọ́ fìyà jẹ ní 1485, tí wọ́n fi aṣọ ìtìjú wọ̀ kiri ṣọ́ọ̀ṣì ìlú. Obìnrin tó ti inú irú ẹbí bẹ́ẹ̀ jáde mọ ohun tí wíwádìí ìran ẹni ń fojú ènìyàn rí. Mo gbà pé ibẹ̀ ni òfin yẹn ti wá.

Wọ́n ń ran òwú, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń jẹ ohun tí ìyẹn bá mú wá àti ohun tí Ọlọ́run bá rán ènìyàn gbé wá. Wọn kì í jẹ ẹran. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án títí di Àjíǹde ni wọ́n fi ń gbààwẹ̀. Wákàtí kan láàárọ̀, wákàtí kan nírọ̀lẹ́, kálukú á dákẹ́ níwájú Ọlọ́run láìka ìwé, yàtọ̀ sí Mísà àti Sáàmù tí wọ́n jọ ń kà ní wákàtí wákàtí. Ṣùgbọ́n ó tún fi ohun kan sí i tí kò wọ́pọ̀ nílé àwọn Sístà ìgbà yẹn: ìsinmi lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán àti lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, tí wọ́n á jókòó pọ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ wọn, tí wọ́n á sọ̀rọ̀, tí wọ́n á rẹ́rìn-ín, tí wọ́n á kọrin. Teresa a máa lu ìlù ọwọ́ fún wọn.

Kí wá ni gbogbo rẹ̀ wà fún? Teresa dá ìbéèrè yẹn lóhùn láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ìròyìn ti dé bá a nígbà náà pé Ìjọ ń ya ní Faransé, pé àwọn Kristẹni ń pa ara wọn. Obìnrin ni, kò lè gorí àga ìwàásù, kò lè lọ sí yunifásítì Salamanca lọ jiyàn. Ó ní òun yóò ṣe ìwọ̀nba tó wà níkàáwọ́ òun: òun àti àwọn díẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ òun yóò pa ìlànà Ìhìnrere mọ́ bó ṣe yẹ, wọn yóò sì máa gbàdúrà fún àwọn tó ń wàásù àti àwọn onímọ̀ tó ń gbèjà Ìjọ. Ó wá sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé bí àdúrà wọn, ìyà wọn àti ààwẹ̀ wọn kò bá sí fún èyí, wọn kò ṣe ohun tí Ọlọ́run torí rẹ̀ kó wọn jọ.

Mo tún ọ̀rọ̀ yẹn kà lẹ́ẹ̀mejì lórí àga níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ti rò pé nítorí ọkàn tiwọn ni wọ́n ṣe wọ inú ilé lọ, kí wọ́n lè jìnnà sí ẹ̀ṣẹ̀ ìlú. Teresa ní rárá, nítorí àwọn tó wà níta ni. Ìwé Ẹ́kísódù orí 17 ló wá sí mi lọ́kàn: Jóṣúà ń bá Ámálékì jà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, Mósè wà lórí òkè, ó na ọwọ́ sókè. Bí ọwọ́ Mósè bá wálẹ̀, àwọn ti ìsàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù. Mósè kò fi idà kan ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò sí lójú ogun.

Àwa Yorùbá ni kò yẹ kí èyí ṣòro fún jù. Ẹni tí wọ́n bá yàn ní ọba l'Ọ́yọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ wọ Ìpèbí. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe níbẹ̀ tí kò fi wá sọ́jà. Gbogbo ìlú mọ̀ pé nítorí àwọn ni wọ́n ṣe yà á sọ́tọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọba yóò jáde, àwọn Sístà wọ̀nyí kì í jáde.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ ní San José tó fi hàn pé etí wọn kò di sí ayé. Ní 1566 Fádà Franciskani kan, Alonso Maldonado, ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà àwọn ará Spéìn dé, ó bá wọn sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn irin nípa àwọn ènìyàn tí kò tíì gbọ́ Ìhìnrere níbẹ̀. Teresa sá lọ sínú ilé kékeré tó wà nínú ọgbà, ó sunkún. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ló bẹ̀rẹ̀ sí í dá ilé mìíràn sílẹ̀, èyí tó ṣáájú wà ní Medina del Campo.

Ọjọ́ Ẹtì

Ilé Kámẹ́lì kan wà ní agbègbè yìí tí mo ti kọ lẹ́tà sí kí n tó wá. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí àwọn ará ibẹ̀ kò bẹ̀ mí kí n sọ wọ́n di mímọ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ pàdé mi ni ohun tí wọ́n ń pè ní torno: àpótí onígi ribiti kan tó wà nínú ògiri, tó ń yí. O ò rí ẹni tó wà lódìkejì. O máa tẹ agogo, ohùn kan á kí ọ ní "Ave María Purísima" (mo kí ọ, Màríà mímọ́ jù lọ), ìwọ náà á dáhùn pé "sin pecado concebida" (tí a lóyún rẹ̀ láìlẹ́ṣẹ̀). Bí o bá gbé nǹkan wá, o máa gbé e sínú rẹ̀, wọ́n á yí i, ó di ọ̀dọ̀ wọn. Mo fi àpò ìrẹsì kan sí i, àti ìwé tí àwa ìyá páríìṣì kọ ohun tí a fẹ́ kí wọ́n bá wa gbàdúrà fún sí. Ìwé àwọn ará páríìṣì nìkan kọ́ ni wọ́n ń gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan, nígbà tí mo jókòó dè wọ́n, ọkùnrin kan wá nítorí iṣẹ́ abẹ ìyàwó rẹ̀, ọ̀dọ́mọdé kan wá nítorí ìdánwò.

Sístà tí wọ́n ní kó bá mi sọ̀rọ̀, Kẹ́ńyà ló ti wá, ìyẹn ló jẹ́ kí a gbọ́ ara wa. Irin wà láàárín wa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ hàn kedere. "Màmá" ló ń pè mí. Mo bi í léèrè bóyá kò sú u. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìdákẹ́jẹ́ kọ́ ló le fún òun ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn ni. Ẹni kan náà ló máa jókòó tì ọ́ nídìí oúnjẹ, nínú Mísà, nídìí iṣẹ́, lónìí, lọ́la, títí tí ọ̀kan nínú yín yóò fi kú, bó bá sì mú ọ bínú, kò sí ibi tí o fẹ́ sá lọ. Ó ní nígbà tí òun wà níta, òun lè fẹ́ràn gbogbo ayé nítorí pé òun lè kúrò lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára ju gbogbo ohun tí mo ti kà lọ.

Mo wá bi í nípa ìyá rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ìyá òun sunkún fún ọdún mélòó kan, pé òun kò ní sọ pé ìyá náà kò tọ̀nà láti sunkún. Kò gbìyànjú láti fi ẹsẹ Bíbélì kankan bò ó mọ́lẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn.

Àwọn òfin tó wà báyìí tún jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Póòpù Francis ṣe ìlànà tuntun fún wọn ní 2016, wọ́n sì to bí wọn yóò ṣe máa tẹ̀ lé e ní 2018. Ọmọbìnrin tó bá fẹ́ wọlé yóò ṣe ó kéré tán ọdún kan láti yẹ ara rẹ̀ wò, ọdún kan gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń múra sílẹ̀, ọdún méjì gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà ọdún márùn-ún lábẹ́ ẹ̀jẹ́ tí kì í ṣe ti títí láé. Ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn kó tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ àjẹkú, ó sì lè yí padà kó tó dé ibẹ̀. Wọ́n ń jáde lọ sí ọsibítù, wọ́n ń jáde lọ dìbò. Ìlànà 2016 náà tún sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọ́dọ̀ lọ kó ọmọbìnrin wá láti ilẹ̀ òkèèrè kìkì nítorí pé ilé kan ń kú lọ. Mo fẹ́ kí àwọn òbí wa nílé gbọ́ èyí, nítorí ọ̀pọ̀ kọ́ńfẹ́ǹtì Spéìn ló kù sí àwọn arúgbó, kò sì yẹ kí ọmọ ẹnikẹ́ni di ẹni tí wọ́n fi ń dí àyè tó ṣófo.

Ohun kan ṣì wà tí mi ò gbà. Òfin àìjáde tí Trent fi lélẹ̀ le fún obìnrin, kò le tó bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin. Lára rẹ̀ ni ìgbàgbọ́ pé obìnrin kò ṣeé fi sílẹ̀ láìṣọ́. Ohun tí Teresa fẹ́ yàtọ̀ sí ohun tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ògiri kan náà ni àwọn méjèèjì mọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà irú ayé yìí gbọ́dọ̀ lè ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Alba de Tormes

Ọkọ̀ ojú irin lọ sí Salamanca, bọ́ọ̀sì láti ibẹ̀. Ìlú kékeré létí odò ni. Teresa dá ilé sílẹ̀ níbí ní 1571, ibí náà ló sì kú sí. Burgos ló ti ń bọ̀, àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára, San José rẹ̀ ló fẹ́ padà sí, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ ní kó gba Alba kọjá. Alẹ́ ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 1582 ló gbẹ́mìí mì. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kà sí 15, nítorí alẹ́ yẹn gan-an ni Póòpù Gregory yí kàlẹ́ńdà padà. Ìdí nìyẹn tí àjọ̀dún rẹ̀ fi bọ́ sí ọjọ́ 15.

Ibojì rẹ̀ wà lókè pẹpẹ. Ọkàn rẹ̀ àti apá rẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n fi gíláàsì ṣe, mo rí wọn. Mo mọ̀ pé èyí le fún àwọn kan nínú wa, mi ò ní fi dandan mú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣí ibojì náà ní 2024 láti yẹ̀ ẹ́ wò, ní oṣù karùn-ún 2025 wọ́n sì tẹ́ òkú rẹ̀ síta fún ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn ènìyàn lè wá kí i.

Ohun tí mo ń rò níbẹ̀ ni ìrìn rẹ̀. Obìnrin tó ní kí àwọn ọmọ òun má jáde ni ó lo púpọ̀ nínú ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀ lójú ọ̀nà, nínú kẹ̀kẹ́ tí ìbaaka ń fà, láti Medina dé Seville dé Burgos, ilé 17 lápapọ̀ pẹ̀lú San José. Aṣojú Póòpù ní Spéìn, Felipe Sega, bínú sí i débi pé ó pè é ní obìnrin alárìnkiri tí ara rẹ̀ kò balẹ̀. Teresa kò fẹ́ràn ìrìn. Ó rìn kí àwọn mìíràn lè dúró. Bákan náà ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún ọ̀ọ́dúnrún, Teresa kékeré ti Lisieux ní Faransé, ṣe wọ Kámẹ́lì ní ọmọ ọdún 15 ní 1888, tó kú síbẹ̀ ní ọmọ ọdún 24. Ní 1927 Póòpù Pius Kọkànlá fi í ṣe alábòójútó gbogbo iṣẹ́ ìránṣẹ́ Ìhìnrere lágbàáyé, òun àti Francis Xavier tó rìn dé Japan. Ẹni tó rìn jù àti ẹni tí kò rìn rárá, Ìjọ fi wọ́n sórí àga kan náà.

Ọjọ́ Àìkú, Ávila

Mísà òwúrọ̀ ní San José. Èrò kò pọ̀, àgbàlagbà ló pọ̀ jù. A kò rí àwọn Sístà, ohùn wọn ni à ń gbọ́ láti ẹ̀yìn irin, ohùn arúgbó àti ti ọ̀dọ́ pọ̀. Lẹ́yìn Mísà mo lọ mu kọfí, mo kọ lẹ́tà gígùn sí ọmọ àbúrò mi, mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ kó má baà jẹ́ pé mo ń sọ ohun kan lẹ́yìn rẹ̀.

Mi ò sọ fún un pé kó lọ, mi ò sì sọ pé kó má lọ. Mo ní kó lọ bá ilé tó ń rò láti wọ̀, kó bi wọ́n ní ìbéèrè bí ọmọ tó ní òbí. Kó béèrè iye ìgbà tí ìyá rẹ̀ lè wá wò ó lọ́dún. Kó béèrè bí wọ́n ṣe ń dìbò yan ìyá ilé àti ìgbà tí yóò fi ipò sílẹ̀, nítorí ilé tí ẹnì kan ti ń ṣe olórí láti ogún ọdún, kó sá fún un. Kó béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe sí ẹni tó bá ń ṣàìsàn ọpọlọ, àti ta ni Sístà lè fẹjọ́ sùn bí ìyá ilé bá ṣẹ̀ ẹ́. Kó béèrè ohun tí wọ́n fi ń jẹun. Kó bi ara rẹ̀ náà pé ta ni òun fẹ́ máa gbàdúrà fún, kó sì ní orúkọ lẹ́nu, nítorí bó bá jẹ́ pé ìyà ayé ló fẹ́ sá fún, Teresa kò ní gbà á sílé.

Mo wá fi kún un pé bí wọ́n bá gbà á láyè láti bá wọn gbé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wá wò wọ́n, kó fetí sí wọn dáadáa ní wákàtí ìsinmi lẹ́yìn oúnjẹ, kó kọ̀wé sọ fún mi bóyá wọ́n ń rẹ́rìn-ín.